Ìwé orúkọ òwò kò sọ ṣọ́ọ̀bù di kọ́ńpìnnì

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti gbé ìwé àjọ CAC kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì gbà pé òwò àwọn ti di kọ́ńpìnnì. Ẹni tó bá ka ìwé náà dáadáa yóò rí i pé orúkọ òwò lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, irú èyí tó máa ń parí sí Ventures tàbí Enterprises. Orúkọ náà wúlò o. Bánkì yóò tìtorí rẹ̀ ṣí àkáǹtì fún òwò, oníbàárà yóò sì fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ọ̀kan náà ni ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó ni ín. Bí òwò bá jẹ gbèsè, olówò ló jẹ ẹ́, ilé tó kọ́ àti mọ́tò tó ń wà sì lè bá a lọ. Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti bá wọn forúkọ sílẹ̀ kì í sábà sọ èyí.

Ohun tí òyìnbó ń pè ní incorporation yàtọ̀ pátápátá. Òun ni òfin fi ń dá ẹni tuntun sílẹ̀, ẹni tí kò lápá tí kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tó lè ra ilẹ̀, tó lè jẹ gbèsè, tó sì lè pe èèyàn lẹ́jọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Òfin CAMA ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá irú kọ́ńpìnnì aládàáni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ó kéré tán, ẹni méjì ni òfin ń béèrè.

Ẹjọ́ oníbàtà kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù làwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dòní. Aron Salomon lorúkọ ọkùnrin náà. Lọ́dún 1892, ó sọ òwò bàtà rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Èèyàn méje ni òfin ìgbà náà ń béèrè, ló bá fún ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọkùnrin mẹ́rin ní ìpín kọ̀ọ̀kan, òun nìkan sì mú èyí tó lé ní 20,000. Kò pẹ́ tí òwò náà fi dojú dé. Àwọn tí kọ́ńpìnnì jẹ lówó ní kí Salomon fúnra rẹ̀ wá san án, nítorí ta ni kò mọ̀ pé òun ni kọ́ńpìnnì? Kóòtù méjì dá wọn láre. Àfìgbà tí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní House of Lords lọ́dún 1896 ni wọ́n tó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ lé ìlànà òfin, ẹlòmíràn ni kọ́ńpìnnì náà, gbèsè rẹ̀ kì í ṣe ti Salomon.

Asà ńlá lèyí, àmọ́ olówò fúnra rẹ̀ ló máa ń dá a lu. Yóò fi owó kọ́ńpìnnì san owó ilé-ìwé ọmọ, yóò yọ ti aṣọ ẹbí níbẹ̀, kò ní ìwé ìṣirò kankan, kò sì kọ ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC. Bó bá tún dé bánkì, wọ́n á ní kó fọwọ́ sí i pé òun ni onídùúró gbèsè náà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé asà náà sílẹ̀.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló yẹ kó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ṣá. Ìyá tó ń ra ata ní Bódìjà, tó ń san owó lójú ẹsẹ̀, tó sì ń tà á tán kílẹ̀ tó ṣú, kò nílò wàhálà àti ìnáwó rẹ̀. Ẹni tó ń gba ọjà àwìn, tó ń yá owó, tàbí tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun, òun ló ń fi orí ara rẹ̀ wéwu bó bá dúró lórí orúkọ òwò nìkan.

Àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ní ìlò mìíràn fún ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ oníṣòwò ló sì wà nídìí rẹ̀. John Barron ní èbúté kan nílùú Baltimore. Iṣẹ́ tí ìjọba ìlú náà ṣe kó iyanrìn dí i, ọkọ̀ ojú omi kò lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ó ní òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè sọ pé kí ìjọba san owó gbà-má-bínú bó bá gba dúkìá ẹni. Lọ́dún 1833, kóòtù tó ga jù lọ ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin náà dè, kò kan ìpínlẹ̀ àti ìlú. Ọdún 1897 ni wọ́n tó fa ẹ̀tọ́ yìí wọnú ohun tó de àwọn ìpínlẹ̀ náà, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan pẹ̀lú ìlú Chicago. Dọ́là kan péré ni rélùwéè náà sì rí gbà níbẹ̀!

Ní Nàìjíríà, abala 44 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti dáàbò bo dúkìá lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Àdéhùn tí ìjọba bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe lọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Abala 12 sọ pé kò lágbára òfin àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ìdí nìyẹn tí Ìwé Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà, tó mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ sí dúkìá, fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù Nàìjíríà: wọ́n ti sọ ọ́ di òfin lọ́dún 1983, kóòtù tó ga jù lọ sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2000 nínú ẹjọ́ Gani Fawehinmi. Oníṣòwò tó bá gbọ́ pé ìjọba ti tọwọ́ bọ àdéhùn òwò tuntun, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti sọ ọ́ di òfin kó tó fi owó rẹ̀ lé e.