Súìtì Tí Kì Í Ṣe Ti Ọmọdé

Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lóṣù yìí.

Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ń ta igbó fún àgbàlagbà ní gbangba ní ìpínlẹ̀ Colorado, a sì ń rí i nínú súìtì àti ṣokoléètì. Òfin ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n àjẹlẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 THC lọ, ìyẹn èròjà tó ń pa ènìyàn bí ọtí. Odindi páálí kò sì gbọdọ̀ ju 100 lọ.

Kì í tètè ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń fà. Ó lè tó wákàtí méjì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, “Kò ṣe mí ní nǹkan kan,” á tún jẹ sí i. Ìwọ̀n tí kò mi ẹni tó ti mọ́ lára lè dá ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí dùbúlẹ̀. Ọmọdé wá ńkọ́?

Ẹ wo àmì THC lára páálí kí ẹ tó fún ọmọ ní súìtì. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà. Ìtìjú kò tó ẹ̀mí ọmọ.