Ẹ̀yin àfín, ẹ yẹ páálí wò kẹ́ ẹ tó sanwó!

Ẹ̀yin èèyàn wa, oòrùn ọ̀sán Dùgbẹ̀ ò mọ ojú ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ti àfín ló le jù. Èròjà tó ń mú awọ dúdú, tó ń bá wa gba oòrùn dúró, àfín ò ní in tó. Oòrùn á jó o, á di egbò, egbò ọ̀hún sì lè di jẹjẹrẹ.

Ìpara tó ń dènà oòrùn wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni awọ ẹlẹgẹ́ ń gbà. Ẹ yí páálí ẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n bá kọ zinc oxide tàbí titanium dioxide sí lára ni kẹ́ ẹ mú, torí wọn kì í sábà ta èèyàn lára. Kí SPF ẹ̀ má dín ní 30, kó má ní lọ́fínńdà, kó sì ní nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ń yún yín, ẹ pa á tì. Tẹ́ ẹ bá wà níta, ẹ máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Bó bá funfun lójú bí ẹfun, ẹ má tijú. Ẹni tó bá ní ìpara tí wọ́n fi ń bóra náà ń ṣiṣẹ́ yìí, irọ́ ló ń pa!

Owó ẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n fìlà etí gbàràmù àti aṣọ alápá gígùn ò wọ́n. Egbò tó bá kọ̀ tí ò jinná, ẹ gbé e lọ sí UCH.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí fìlà lórí ọmọ àfín mọ́ nínú oòrùn.