Ẹ Sanwó fún Atukọ̀ Tó Lè Sọ Pé Rárá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń tajà gan-an nínú ìrìnàjò ìgbafẹ́ l'Ékòó báyìí: àdáni. Bọ́ọ̀sì kékeré àdáni máa wá gbé yín ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, sípíìdì bóòtì àdáni á ti máa dúró dè yín ní èbúté, ẹ ó sì gúnlẹ̀ sí Tarkwa Bay tàbí Ilashe láìjẹ́ pé àjèjì kankan fara kàn yín lọ́nà. Owó kan, tiransfáà kan, ó parí.

A fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń búùkì rẹ̀ jà díẹ̀. Kì í ṣe torí pé ẹ ń gbádùn ara yín o. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní dé oṣù kọkànlá, ó yẹ kó fojú kan òkun lóṣù kejìlá. Ìjà wa ni pé àdáni kì í ṣe ààbò, síbẹ̀ bí ẹni ń ta ààbò ni wọ́n ṣe ń tà á. Ohun tí àdáni ń ṣe gan-an ni pé ó ń sọ ẹni tó sanwó di ọ̀gá ẹni tó ń tukọ̀. Lórí ilẹ̀, ìyẹn ò burú púpọ̀. Lórí omi, ọ̀gá tí kò mọ omi lè pa gbogbo ọkọ̀.

Ẹ wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Láti Ìkẹjà, bọ́ọ̀sì sábà máa ń gba Third Mainland Bridge, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, kó tó já sí apá Ìkòyí àti Victoria Island níbi tí àwọn èbúté wà. Ibẹ̀ lẹ ó ti bọ́ sínú bóòtì. Ilashe wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí omi Badagry wà lápá kejì. Tarkwa Bay wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ èbúté Àpápá. Ìyẹn ni pé bóòtì yín á máa bá ọkọ̀ tó kó kọ̀ǹténà gígagíga pín ọ̀nà, ìgbì tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ kì í sì í bèèrè ẹni tó sanwó. Igi tó léfòó wà nínú omi, òkú ọkọ̀ wà níbẹ̀, ewéko tó máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì náà wà. Ní ọ̀sán, atukọ̀ tó dáńgájíá máa rí wọn, á yà fún wọn. Ní alẹ́, kò sí iná ojú pópó lórí ọ̀sà.

Nǹkan kan máa ń yà wá lẹ́nu níbẹ̀. Ká ní Abuja lẹ ti ń bọ̀. Kí bàálù tó gbéra, orúkọ yín ti wà nínú ìwé. Wọ́n ti mọ iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, tọmọ ọwọ́ tàgbà. Òṣìṣẹ́ bàálù á dúró níwájú yín, á fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, á tún fi bí wọ́n ṣe ń wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì hàn yín, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fẹ́ fò kọjá. Bí awakọ̀ òfuurufú bá ní ojú ọjọ́ ò dáa, kò sí èrò tó máa dìde pé, "Ọ̀gá, mo ti sanwó, ẹ gbéra." Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ wá dé ojú omi gan-an. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ yín. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ó wà lábẹ́ ìjókòó, ó ti rin gbingbin, ẹnì kan sì ti fi ṣe ìrọ̀rí. Ọ̀rẹ́ yín kan ti ń ya fídíò. Ibi tí omi ò sí ni wọ́n ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ omi. Ibi tí omi wà, orin ni wọ́n fi pàdé wa.

Àwa ń kọ sọ́fítíwíà jẹun, nítorí náà fọ́ọ̀mù la máa ń kọ́kọ́ wò. Fọ́ọ̀mù máa ń tú àṣírí oníṣòwò: ohun tó bá bèèrè ni ohun tó kà sí. Àwọn tí a ti rí máa ń bèèrè àwọ̀ bàlúùnù tí ẹ fẹ́, bóyá ẹ fẹ́ kéèkì, irú ohun mímu tí kí wọ́n kó sínú yìnyín. Wọn ò bèèrè nọ́ńbà bàálù yín. Wọn ò bèèrè bóyá ọmọdé ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà lè yọ́ bọ́ lára ọmọ ọdún 4 bó bá já sómi. Wọn ò bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú yín mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Nínú iṣẹ́ wa, bí ìgbésẹ̀ méjì bá so kọ́ra, ìbéèrè tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: bí èyí àkọ́kọ́ bá pẹ́ tàbí tó bá kùnà ńkọ́? Báńkì ò gbọdọ̀ yọ owó lápò Àìná kó má dé ọwọ́ Òjó. Bí kò bá dé ọ̀hún, ó gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kéré tán, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.) Ìrìnàjò yìí so bàálù, bọ́ọ̀sì àti bóòtì mọ́ra wọn, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo tà á. Ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí bàálù bá pẹ́ sí. Ẹ ò ní rí i. Ní Nàìjíríà o, níbi tó jẹ́ pé bàálù tó dé lákòókò ni àwọn èrò máa ń pàtẹ́wọ́ fún!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàálù tó yẹ kó balẹ̀ ní aago 2 balẹ̀ ní aago 4. Ẹrù gba ìṣẹ́jú 40. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ Jímọ̀ gba wákàtí 2. Ẹ dé èbúté ní aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 40. L'Ékòó, láti January dé December, oòrùn kì í pẹ́ púpọ̀ ju aago 7 lọ kó tó wọ̀. Nígbà mìíràn, kì í tiẹ̀ pé aago 6 ààbọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú nìyẹn. Àwọn aláṣẹ sì ti ka ìrìnàjò alẹ́ lórí omi léèwọ̀.

Ta ló máa sọ pé rárá? Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti ṣe tiẹ̀, ó ti ṣẹ́rí padà. Ẹni tó gbowó wà lórí WhatsApp, ó ní, "Boatman wa mọ ọ̀nà dáadáa, kò sí wàhálà." Ẹ̀yin, ó ti rẹ̀ yín, ọmọ ń sunkún, owó ilé etíkun alẹ́ yẹn ti wọlé lọ, wọn kì í sì í dá a padà. Ó wá ku atukọ̀ nìkan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá lọ ló tó gbowó, bí kò bá lọ, ebi. Ẹ̀yin mẹ́wàá dúró, ẹ ń wò ó lójú. Ẹnì kan wá sọ ọ́: "Captain, jẹ́ ká máa lọ jàre, a ti sanwó." Kí lẹ fẹ́ kó wí?

Ibi tí àdáni ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ èrò gan-an nìyẹn. Nínú ọkọ̀ èrò, kò sí èrò kan tó ni ọkọ̀; bó bá pa yín tì, ẹ ó bínú títí, ó ti lọ. Nínú àdáni, ìbínú yín ni owó oṣù atukọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní: "Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ èrò yẹn gan-an ló máa ń dojú dé, torí wọ́n ń kó èrò jù. Ìdí tí a fi ń gba àdáni nìyẹn." Òótọ́ wà níbẹ̀. Àkójù èrò wà lára ohun tó ń pa wá lórí omi ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì dá bóòtì gbà fún ènìyàn mẹ́fà ti yẹra fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àkójù nìkan kọ́. Òkùnkùn wà níbẹ̀, eré àsápajúdé, ọtí, igi inú omi, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀. Owó àdáni ò mú ọ̀kankan kúrò nínú wọn. Ó tiẹ̀ ń fi kún òkùnkùn, ó ń fi kún ọtí, torí kò sẹ́ni tó lè bá ẹni tó ni ọjà wí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjàm̀bá bóòtì gba ẹ̀mí Junior Pope, òṣèré Nollywood, àti àwọn míì lórí Odò Ọya. Iṣẹ́ fíìmù ló kó wọn dé ojú omi. Lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì gba gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Kò pẹ́, fídíò ìgbafẹ́ tún gba ibẹ̀ padà.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ni. LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó wà, NIWA ti ìjọba àpapọ̀ wà. Wọ́n tilẹ̀ bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ẹni tó láṣẹ lórí omi, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá NIWA láre ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì tẹra mọ́ ọn. Àmọ́ kò sí ìjọba tó lè fi òṣìṣẹ́ kan dúró sí gbogbo èbúté àdáni nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó wà níbẹ̀, owó yín ló sì máa sọ òfin tí atukọ̀ máa tẹ̀ lé. Ẹ tún rántí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà lójú omi. Apẹja tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ wá sílé lálẹ́, tí kò ní iná, ìgbì bóòtì yín lè da òun àti ẹja rẹ̀ nù kí ẹ tó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ẹ wo Maldives, tí àwọn olówó ayé ń lọ. Pápákọ̀ òfuurufú wọn tó tóbi jù wà lórí erékùṣù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni bóòtì ti ń gbéra. Ibi tó bá jìnnà, bàálù kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi ló ń gbé àlejò lọ, bàálù yẹn kì í sì í fò lálẹ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, bó ti wù kó lówó tó, tó bá jẹ́ bàálù yẹn ló máa wọ̀, á wá ibi sùn nítòsí Malé di ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìyà. Wọ́n ti sọ "rárá" fún un kó tó sanwó, ó sì ti fi sínú ètò rẹ̀. Tiwa, èbúté la ti ń wá "rárá" náà, lọ́wọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Aago mélòó ni bóòtì ò ní kúrò ní èbúté mọ́? Bí wọ́n bá ní "ìgbàkígbà tí ẹ bá dé," ẹ di owó yín mú.

Nọ́ńbà bàálù wa rèé; bó bá pẹ́ ju aago yẹn lọ, níbo la ó sùn, ta ló máa sanwó rẹ̀? Ó sàn kí ẹ tiẹ̀ fi oorun alẹ́ àkọ́kọ́ sí orí ilẹ̀, kí ẹ gba omi lọ láàárọ̀.

Iye wa rèé, ọjọ́ orí àwọn ọmọ rèé. Ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá oníkálukú mu wà, ṣé a ó wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì?

Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: bí atukọ̀ bá ní omi ò dáa, tàbí ilẹ̀ ti ṣú, òun ò lọ, ṣé owó rẹ̀ ọjọ́ yẹn á pé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe atukọ̀ lẹ gbà. Ẹni tí kò lè kọ̀ fún yín lẹ gbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ ojú ìwé tí wọ́n fi ń búùkì, tiyín rọrùn. Ẹ gba nọ́ńbà bàálù. Ẹ fi wákàtí ọ̀nà kún aago tó máa balẹ̀. Bó bá ti kọjá aago tí bóòtì ìkẹyìn gbéra, kí bọ́tìnnì ìsanwó kú. Kò le ju ṣíṣe kálẹ́ńdà lọ, kò sì ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ.

Á wọ́n sí i, a mọ̀. Owó alẹ́ kan lórí ilẹ̀, owó atukọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ fún wa pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, wọn ò sì yọ ẹni tó sanwó àdáni sílẹ̀. Bí ẹ bá dé èbúté lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wò yín lójú tó ní òun ò lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ san owó rẹ̀ pé.