Òrùlé Ọkọ̀ Tí Ń Ṣí Sókè

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ó ń sọ Land Cruiser ẹlẹ́yìn gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Troopy, di ilé ìrìn àjò. Ènìyàn kò lè nàró nínú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń gé òrùlé rẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ń ṣí sókè dípò. Aṣọ àgọ́ ni ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn.

Ẹni tí ó mọ aṣọ gé kò ní bẹ̀rù ìwọ̀n iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n aṣọ tí a ṣì gé ṣeé lẹ̀, páànù ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé kì í sì í ṣe ìbòrí òjò lásán. Òun ni ó di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ mú ṣinṣin, òun ni ó sì ń dáàbò bo orí àwọn èrò bí ọkọ̀ bá gbókìtì. Bí àwọn irin tí ó dábùú rẹ̀ bá ti kúrò, férémù irin líle ni ó gbọ́dọ̀ gba ipò wọn, kí a fi bóòtù àti gọ́ọ̀mù dè é mọ́ etí ihò náà yíká. Ọkọ tí ó bá ní kí a fi owó férémù ra ibùsùn tí ó dára, ẹ má gbà fún un.

Ẹ kun etí páànù tí ẹ gé ní ọ̀dà kí ìpáàrà má baà jẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù náà kì í tètè gbẹ; ẹ fún un ní àkókò tí a kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí onímọ̀ ẹ̀rọ tí òfin fọwọ́ sí yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó bọ́ sójú títì.

Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wà lókè nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Bí ó ti wù kí òtútù mú tó lóru, ẹ má ṣe tan sítóòfù nínú rẹ̀ láti yáná: èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn a máa pa ènìyàn lójú oorun.