Abala Ìwé Tí Wọ́n Fi Wé Dòdò Ìkirè

Ẹni tó bá ti ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yóò mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti rọra ní Ìkirè báyìí, àwọn obìnrin ọlọ́jà á ti yí i ká pẹ̀lú igbá dòdò lórí, dòdò dúdú tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rà gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n wá fi epo pupa dín títí tó fi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń wọ inú ọkọ̀ ṣáájú ẹni tó ń tà á. Ní àìpẹ́ yìí, mo sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mo ra díẹ̀. Ìyá tó tà á fún mi dì í sínú ọ̀rá, ó sì fa abala ìwé ìròyìn kan yọ láti inú òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi wé e kí epo má baà ta sí mi láṣọ.

“Ẹ kú ọjà o, ìyá,” ni mo wí. “Ṣé ẹ máa ń ka ìwé tí ẹ fi ń wé e yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, mo kàwé o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí owó tó wọ́n bàbá mi lọ́wọ́. Yorùbá ló yé mi. Èyí, kílò la fi ń rà á.” Ó sì sọ iye tí kílò kan ń lọ fún mi láìbéèrè, bí ẹni pé òun gan-an ló ń tẹ ìwé náà.

Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, mo tú abala náà, mo kà á tán, nítorí àìsàn tó ń ṣe àwa tí a ti fi ìwé kíkà jẹun ni pé ojú wa kì í lè fo lẹ́tà dá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mínísítà kan sọ ní Àbújá wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní ìlú Òyìnbó wà níbẹ̀, iye tí ìpín ìdókòwò ń lọ ní Èkó náà wà níbẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ohun kan tó kan Ìkirè, àfi epo tó ta sí i.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ìmọ̀ràn àtidá ìwé ìròyìn tuntun sílẹ̀ fún agbègbè Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ kan sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tí a bá jọ jókòó. Ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ bi ara wa ni orúkọ tí ìwé náà yóò jẹ́, àwọ̀ tí a ó fi tẹ iwájú rẹ̀, ọba tí yóò bá wa ṣí aṣọ lójú rẹ̀, àti ọlọ́lá tí yóò jókòó sí àga lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí a bá ti ń mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí a fẹ́ máa lọ ni ẹnì kan á tó béèrè, bí ẹni tó rántí fìlà tó gbàgbé, pé ta ni yóò wá kà á. Bẹ́ẹ̀ ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi gbà pé ìyá onídòdò yẹn, àti àwọn bíi tirẹ̀ lọ́jà àti lóko, ni kí a kọ ìwé náà fún, àwọn tó lè ka Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò kọ Yorùbá fún, kí a sì jẹ́ kí àpò wọn, ọjọ́ ọjà wọn àti èdè ẹnu wọn pàṣẹ gbogbo ohun yòókù.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Nígbà tí àlùfáà Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó fi orúkọ àwọn tó ń kọ ọ́ fún mọ́ orúkọ ìwé náà, pé ti àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ̀ ọ́. Townsend fẹ́ kí wíwá ìmọ̀ nínú ìwé di bárakú fún àwọn ènìyàn; nítorí náà, bó ti ń ròyìn ìrìbọmi àti bíbọ̀ àti lílọ àwọn àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ òwú àti ìṣòwò pẹ̀lú, mo sì rò pé ẹni tó bá wá wo iye òwú yóò ka ìwàásù mọ́ ọn. Ìwé náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí aáwọ̀ Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó fi yọrí sí Ìfọ́lé ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì dákẹ́.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà sọ. Àwọn Òwu, ọmọ Ajíbósìn, ọmọ Aṣunkúngbadé tó sunkún títí tó fi gba adé lọ́wọ́ bàbá ìyá rẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta nígbà tí ìwé yẹn jáde. Ní nǹkan bí 1825 ni ìlú wọn fọ́ lọ́wọ́ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, tí àwọn aṣẹ́gun sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́ mọ́. Nígbà tó sì yá, ọ̀pọ̀ wọn dara pọ̀ mọ́ àwọn Ẹ̀gbá lábẹ́ Olúmọ. Lónìí, àṣẹ yẹn ti di ìtàn, ènìyàn ń gbé Orílẹ̀-Òwu, kòkó sì ń so lóko wọn. Ọmọ Òwu wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn fún nílẹ̀ Yorùbá. Àjò ni ó ti bá wọn.

Ti Àpòmù tilẹ̀ tún lágbára ju èyí lọ. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, fi yé wa pé ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé, àti pé ìjà lórí ataare tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló tan iná ogun Òwu. Èmi kò ní jẹ́ sọ pé ìwé ìròyìn ìbá dá ogun yẹn dúró. Jíjí ènìyàn gbé tà lẹ́rú ni igi tó ti wà nílẹ̀ tó ti gbẹ, ataare kàn jẹ́ ìṣáná ni. Síbẹ̀, n kì í gba Àpòmù kọjá kí n má ronú kan ọ̀rọ̀ náà: iye ọjà, tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kò bá jọ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé iye ọjà ni kí ojú ìwé kìíní máa gbé. Bí ọjà bá máa ná lọ́la, kí ìwé náà jáde lónìí. Kí ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kan tó mọ ọjà í ná lọ bá ọlọ́jà mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí ẹyọ kan lè pa irọ́ fún un. Kí ó kọ iye tí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá àti kékeré ń lọ, iye kẹ́ẹ̀gì epo pupa, iye kóńgò gààrí, kí ó sì sọ irú kóńgò tó jẹ́, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kóńgò kan wà tí wọ́n ti gbá nídìí wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòkó. Nígbà tí owó kòkó fò sókè ní 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, fóònù alágbàtà ti sọ ọ́ fún un kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà oko. Àgbẹ̀ tí kò bá ní ẹni tí yóò sọ fún un, iye tí alágbàtà bá dá ni yóò gbà, á sì tún kí i pé ó ṣeun. Àwọn kan á ní rédíò wà, fóònù sì wà. Wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rédíò á kọjá lọ bí afẹ́fẹ́, ìròyìn fóònù kò sì ní bàbá. Ìwé tí a tẹ̀ ni ènìyàn lè ká sínú àpò, kí ó sì tẹ́ ẹ síwájú oníwọ̀n.

Ohun mìíràn ni pé kò sí ẹlòmíràn tó ń wo àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀. Orílẹ̀-Òwu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé, Ìkirè ni olú-ìlú Ìrẹ́wọlé, Àpòmù ni olú-ìlú Ìsọ̀kan. (Ìsọ̀kan yìí kan náà ni orúkọ ìwé ìròyìn Yorùbá tí ilé iṣẹ́ Concord ti M.K.O. Abíọ́lá gbé jáde nígbà kan rí. Orúkọ náà dára, àmọ́ ó jọ pé kì í pẹ́ níbi tí a bá ti lò ó.) Bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́ láàárín ìjọba ìbílẹ̀ kan sí èkejì, oníkálukú á ní kò kan òun. Ìyá tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìlú kan, tó ń dín in ní ìkejì, tó ní àna ní ìkẹta, kò mọ ibi tí ààlà wà. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ náà kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n.

Iye ọjà nìkan kò lè mú kí ènìyàn fẹ́ràn ìwé ìròyìn. Ní Èkó, Isaac B. Thomas tó dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928 mọ àṣírí yìí. Ní 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń hùmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé àwọn kan kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a nílò, ìtàn tó ń dá dúró níbi tó dùn jù, kí ìyá onídòdò lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn nídìí agbada. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti àṣà, á rí iṣẹ́ ṣe nínú èyí. Kí wọ́n sì fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà kò ní sùúrù fún Yorùbá tí ènìyàn ní láti máa méfò.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà èwe mi, mo bá ìwé ìròyìn kékeré kan ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ. Ojú ìwé rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Lọ́sẹ̀ kan tí mo kà á, mẹ́sàn-án ló jẹ́ àwòrán àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé àwọn ló ń sanwó oṣù wa. Òtítọ́ ló sọ. Ọjọ́ tí afárá kan já, tí omi gbé ọmọ ilé-ìwé lọ, tí gbogbo ìlú mọ ẹni tó gba owó afárá náà, a fi ìròyìn náà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹrìnlá, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìdìbò kọjá, tí àwọn olóṣèlú kò ní ìdí tí wọ́n á fi máa kí ara wọn mọ́, ìwé náà kú. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní ìlú béèrè rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán pé ẹnu tó ń jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, èmi kò sì mọ ibi tí òwe yìí yẹ ju ẹ̀bá Ìkirè lọ.

Dòdò tí a bá fi owó ara wa rà nìkan ni kì í di ẹnu. Nítorí náà, kí owó ìwé wá láti ọwọ́ òǹkàwé, kí iye rẹ̀ má ju ti dòdò kékeré kan lọ, kí ìkéde ìsìnkú, ti aránṣọ, ti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń wá ọmọṣẹ́ àti ti ilé-ìwé kún un. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí ó má ju ojú ìwé mẹ́rin lọ títí ọdún á fi yí po, nítorí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. D.A. Ọbasá, tó dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì lo ogún ọdún; àwa kò ní ilé ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò jìnnà, ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́hùn-ún lówùúrọ̀ lè kó ìwé bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Kí a má sì wá ẹni tí yóò tà á lọ títí. Àwọn obìnrin tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ti wà nídìí ọ̀nà, ọwọ́ wọn yá, wọ́n mọ ojú oníbàárà, igbá wọn sì ní àyè. Kí ìdá kan nínú owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ tiwọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìparí oṣù. Èyí tí kò bá tà, a ó kó o fún wọn. Ìyá yẹn ti sọ iye tó ń ra kílò rẹ̀ fún mi.