Ẹ Má Pa Orúkọ Ìdílé Rẹ́

Ní sáà tó kọjá, Àyándélé ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì. Sáà yìí, ó ti di Olúdélé. Bàbá rẹ̀ ní Àyàn, òrìṣà ìlù, kò bá ìgbàgbọ́ àwọn mu mọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà! Àyándélé ń sọ pé ilé onílù ni wọ́n ti wá, bí Ọdẹ́wálé ṣe ń sọ ti ilé ọdẹ, tí Ọ̀jẹ́délé ń sọ ti ilé eégún. Ilé wo ni Olúdélé ń tọ́ka sí? Ní Ìsẹ́yìn níbí, ìlù ni bàbá bàbá rẹ̀ lù tó fi rán bàbá rẹ̀ níléèwé. Oṣó wà nínú orúkọ Ṣóyínká, síbẹ̀ ọ̀gá iléèwé ìjọ ni bàbá Wọlé Ṣóyínká ní Aké, l'Ábẹ́òkúta. Kò yí i padà. Orúkọ náà ni ọmọ rẹ̀ fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986.

Lórí pápá, Àyándélé la ṣì ń pe ọ̀rẹ́ mi. Ó sì ń dáhùn.