Laptop àkọ́jáde: ṣé kí á rà á ni, àbí kí á ní sùúrù?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kàwé ní ọgbà UNIOSUN tó wà ní Òkukù pè mí lórí fóònù. Kò tiẹ̀ jẹ́ ká kíra tán. "Bọ̀dá mi, màmá ti kó àjọ o. Laptop tuntun tó fẹ́lẹ́ yẹn ni mo fẹ́ rà, èyí tí wọ́n ní bátìrì ẹ̀ ń gbé odindi ọjọ́. Ṣé kí n rà á báyìí, àbí kí n dúró kí òmíràn jáde?"

₦900,000 ni àjọ náà. Èlùbọ́ ni màmá ẹ̀ ń tà ní Ìkìrun, ẹni tó bá sì mọ èrè tó wà lórí kọ́ńgò èlùbọ́ kan á mọ̀ pé èyí kì í ṣe owó téèyàn ń fi dán nǹkan wò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì.

Àwọn laptop tó ń sọ ni èyí tó ń lo ọpọlọ Snapdragon X tí iléeṣẹ́ Qualcomm ṣe. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sọ́jà, Microsoft sì pè wọ́n ní Copilot+ PC. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé irú ọpọlọ tó wà nínú fóònù wa ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti Intel tàbí AMD tá a ti mọ̀ tipẹ́. Torí ẹ̀ ni wọn kì í fi í jẹ iná púpọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Òkukù tàbí Ìníṣà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárọ̀ (ẹ jẹ́ á ṣì máa pè wọ́n ní NEPA, IBEDC ò dùn lẹ́nu), laptop àtijọ́ á ti kú kí wákàtí méjì tó pé, akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbé ṣájà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Torí náà, ọmọ yìí ò ṣe àṣejù. Ohun tó ń wù ú nítumọ̀.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kéèyàn má ra àkọ́jáde. Oṣù kìíní ọdún 2008 ni Steve Jobs fa MacBook Air àkọ́kọ́ yọ látinú àpò lẹ́tà, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. $1,799 ni wọ́n ń tà á, ojú USB kan ṣoṣo ló ní, hard disk ẹ̀ sì ń rìn bí ìgbín. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2010, èyí tó dáa jù ú lọ ti jáde ní $999. Ẹni tó dúró ló jèrè. Bákan náà ló rí fún Snapdragon yìí: $999 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025, Qualcomm kéde irú èyí tí laptop ẹ̀ ò ní ju nǹkan bíi $600 lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún kéde ìran kejì, X2.

Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò sùúrù yẹn. Ẹ wá fi náírà ṣírò ẹ̀. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan ní báńkì, tó fi jẹ́ pé $999 jẹ́ nǹkan bíi ₦470,000. Mo mọ̀ pé báńkì kì í fún irú èmi àtẹ̀yin ní dọ́là nígbà yẹn, pé ọwọ́ àwọn Mọlà la ti ń rà á. Kódà ní iye tiwọn, kò tó ₦900,000. Ẹ wá wo oṣù kìíní ọdún 2025: laptop $600, èyí tí wọ́n ní owó ẹ̀ ti wálẹ̀, ti ju ₦900,000 lọ ká tó sọ owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó ń tà á. Owó ẹ̀ já wálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó gun òkè àjà lọ́dọ̀ tiwa.

Lóòótọ́, náírà ti rọra dúró díẹ̀ lọ́dún 2025. Àmọ́ wàhálà mìíràn ti dé. Àwọn iléeṣẹ́ AI ń ra RAM kó bí ẹni ń kó ìyàn sílẹ̀, owó RAM sì ti fò sókè. Ní oṣù kejìlá, Micron kéde pé àwọn ò ní ta Crucial fún àwọn oníbàárà lásán mọ́. Torí náà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọmọ yìí pé tó bá dúró, á wọ́n díẹ̀ sí i ni àbí á dínwó.

Ẹ má wá rò pé mo fẹ́ ní kó sáré rà á. Àwa ará Ọ̀ṣun mọ àkọ́jáde dáadáa. Lọ́dún 2013, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB sínú ẹ̀ fáwọn ọmọ ilé-ìwé gíga girama. 150,000 ni wọ́n pète láti pín. Èrò náà dáa, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ẹ̀ bá fọ́, ta ló ní irú ẹ̀ lọ́jà? Èmi alára, mo ti ra ọ̀kan nínú àwọn laptop pẹ́nkẹ́lẹ́ tó kọ́kọ́ dé rí, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ṣájà ẹ̀ bàjẹ́ lóṣù kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Ìkẹjà kí n tó gbà pé ó ti parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti wá le gan-an ni printer. Ó ń tẹ iṣẹ́ fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó sì ń fi printer àtijọ́ kan tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibẹ̀ ló ti ń rówó jẹun. Laptop Snapdragon lè lo ọ̀pọ̀ app tí wọ́n kọ fún Intel, torí pé Windows á máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Àmọ́ kò sí ògbufọ̀ fún driver. Printer tí ẹni tó ṣe é ò bá ti kọ driver tuntun fún lè má dá a lóhùn rárá. Kí lèrè bátìrì tó ń lo odindi ọjọ́ fún ẹni tí ò lè tẹ iṣẹ́ jáde?

Kì í ṣe gbogbo àkọ́jáde ló ń jáni kulẹ̀ o. MacBook Air M1 ti oṣù kọkànlá ọdún 2020 jẹ́ àkọ́jáde, àwọn tó rà á ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n Apple ló ṣe ọpọlọ ẹ̀, òun náà ló ṣe ohun tó ń darí ẹ̀.

Èsì tí mo fún un ni pé kó má dúró, kó má sì ra tuntun. Kó ra tòkunbọ̀ tó gidi, Latitude, EliteBook tàbí ThinkPad, tí ọpọlọ Intel ẹ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Mo tẹnu mọ́ ìran kẹjọ yẹn, torí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 ò sì gba ọ̀pọ̀ èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tà á ò ní sọ fún un. Kó wo bóyá ó ń gba ṣájà USB-C, kó lè fi power bank ńlá gbé e nígbà tí iná ò bá sí. Kó ra bátìrì tuntun sí i. Gbogbo ẹ̀ ò ní tó ìdajì àjọ náà.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ẹ̀ ò dùn. Ta ló ń fẹ́ kí wọ́n ní kó lọ ra tòkunbọ̀ nígbà tówó tuntun wà lọ́wọ́? Màmá ẹ̀ ló gba fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Èyí tẹ́ ẹ ní kó rà yìí, ṣé wọ́n lè tún un ṣe ní Ìkìrun níbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Òṣogbo ni wọ́n ń lọ ní Sátidé. Mo ti ní kí wọ́n gbé printer yẹn dání.